Omi Tí A Kò Lè Mu Ni A Fi Gba Ẹ̀gbọ́n Mi Là

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa nílé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ síta tàbí kí n pa á mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní ṣùgbọ́n bí mo bá máa sọ ọ́, kí n sọ ibi tí èmi náà ti ṣìṣe, kí n má ṣe bí olùkọ́ tó sáré nu pátákó kí ọ̀gá tó wọlé.

Ó dáa. Mo gbà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, abúlé wa wà ní etí òkun Ìlàjẹ, lápá ibi tí Awoye àti Molutehin wà. Orí òpó ni ilé wa dúró lé. Afárá pákó ni a fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, omi sì wà lábẹ́ wa tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igi pọ̀ létí omi, ibòji wọn sì tutù débi pé abẹ́ wọn ni àwọn bàbá wa ti máa ń tún àwọ̀n ṣe. Nígbà tí àwọn tó ń wa epo la ọ̀nà omi láti inú òkun wá, omi iyọ̀ tẹ̀lé e wọlé, àwọn igi náà sì kú lórí ìdúró. Páànù àti òòrùn ló kù fún wa. Ẹ wá fi iná gáàsì tó ń jó lójú òkun lọ́hùn-ún kún un.

Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ooru lè pa ènìyàn ní abúlé wa, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ooru kẹ̀? Àwa tí omi yí ká?

Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń sọ yìí, Ìyá Orímisan ni gbogbo abúlé ń pè é. Òun ni wọ́n bí kí wọ́n tó bí mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹja yíyan ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló sì fi ra ìwé fún mi nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Orímisan ọmọ rẹ̀ ló ń pẹja. Ṣèyí, ìyàwó Orímisan, ló ń bá a ṣa ẹja, tó sì ń bá a kó o sórí iná. Mo kọ́ Ṣèyí ní ìwé kẹrin. Ọmọ tó máa ń béèrè ìbéèrè jù ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ìṣe wa kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá tẹ́ ẹja sórí iná kì í kúrò nídìí rẹ̀ títí yóò fi yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀ tí ẹja jóná, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, ẹja ìyá lágbájá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di èédú, inú rẹ̀ ṣì ń wẹ̀ lódò!

Ohun mìíràn tún wà, èyí tí àwọn obìnrin wa kì í sọ. Ilé ìyàgbẹ́ wa wà ní ìparí afárá, níbi tí gbogbo ẹni tó jókòó síta ti lè rí ẹni tó ń lọ. Nítorí náà, wọn kì í mu omi lọ́sàn-án. Wọ́n á mu díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì fara dà á di àṣálẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọkùnrin kan tó bi wọ́n rí. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera, n kò mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀. Ṣé kò yẹ kí ojú tì mí?

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn le. Atẹ́gùn òkun tó máa ń fẹ́ wọlé lọ́sàn-án dákẹ́ pátápátá. Ní ọjọ́ kìíní, a ní yóò fẹ́ lọ́la. Ní ọjọ́ kejì, a ní bóyá òjò ló ń bọ̀. Adìẹ ya ẹnu sílẹ̀ lórí pákó. Bí o bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ afárá, wàá fò sókè. Omi òjò tí a gbè sínú dúrọ́ọ̀mù ti tán, ọkọ̀ tó ń kó píọ̀ wọ́tà bọ̀ láti Ìgbọ́kọ̀dá kò sì tíì dé, nítorí náà, omi mímu di ohun tí à ń fi ife kékeré bù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Orímisan wọlé pẹ̀lú ẹja ṣàwá kún ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti rí irú rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀gbọ́n mi tan ààrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ilé ẹja rẹ̀ tó fi páànù bò lókè, tó fi páànù dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì.

Mo gba ibẹ̀ kọjá kí òòrùn tó kàntàrí. Mo ní kó jókòó síta díẹ̀, kó jẹ́ kí Ṣèyí gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “Tíṣà, ìwọ lo fẹ̀yìn tì. Ẹja ò tíì fẹ̀yìn tì.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn tí mo jẹ púpurú ọ̀sán tán, Ṣèyí wá sí ilé mi. Kò sáré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúró. Ó ní màmá ń pe òun ní orúkọ tí kì í ṣe tòun. Mo bi í pé orúkọ wo. Ó dárúkọ ìyá tó bí àwa méjèèjì, tó ti kú kí wọ́n tó bí Ṣèyí.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí ààrò àárín, ó di ẹja kan mú, ó ń bá a wí pé kò gbọ́ràn. Àwọn aládùúgbò méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ó yíjú sí mi. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti jáde nílé ẹ̀kọ́, kí ló dé tí mo tètè dé, ṣé kì í ṣe pé mo tún ti sá fún ìṣirò?

Ẹ̀rín náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bì, ó sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹnu rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó gbóná bí páànù tó wà lókè wa. Kíá ni mo sọ pé ibà ni.

Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Ta ni nínú yín tí kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ara gbígbóná, èébì, ìsọkúsọ: láti kékeré wa, orúkọ kan ṣoṣo ni a mọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí a sì ń ṣe sí i náà kì í yàtọ̀. A gbé e wọ yàrá. A ti fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ sí i. Mo ní kí wọ́n gbé aṣọ ìbora tó nípọn wá, mo ní kí wọ́n gbé àgbo kaná, kí a lè gbé ìkòkò rẹ̀ sí abẹ́ ìbora kí ooru rẹ̀ fa òógùn jáde. Ọ̀rẹ́ mi Bàbá Ẹ̀bùn, aládùúgbò wa tó ju mí lọ ní ọdún díẹ̀, ló dúró tì mí. Bí mo ṣe ń pàṣẹ ni ó ń mi orí. Ó dára kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣe, àbí? Ó kéré tán, bí ó ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Ṣèyí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màmá. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbora, ó yọ ọ́ jáde, ó wò ó. Ó tún ti í bọ̀ ọ́.

Ó ní, “Tíṣà, màmá ò làágùn.”

Mo ní ìdí nìyẹn tí a fi ń bò ó.

Ó ní rárá, òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òógùn ń ṣàn lójú màmá bí omi. Ó ní nígbà tó yá, ó gbẹ. Ó ní ìdí iná ló ti gbẹ, kò sì mu omi kankan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé mo ní ó máa ń béèrè ìbéèrè jù? Ohun tí mo máa ń sọ fún un ní ìwé kẹrin náà ni mo tún sọ. Mo ní kó jẹ́ kí àgbà parí ọ̀rọ̀.

Ó dìde, ó jáde. Ìparí èbúté, níbi òpó tó kẹ́yìn, ni ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé ní abúlé wa. Ibẹ̀ ló lọ. Ó pe nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó súnmọ́ wa jù, ìrìn bíi wákàtí kan lórí omi.

Nígbà tó padà dé, ó ti ń mí hẹlẹ. Ó ní nọ́ọ̀sì ní kí a ṣí màmá kíá. Kí a gbé e jáde kúrò lábẹ́ páànù, kí a bọ́ aṣọ lára rẹ̀ bí ó bá ṣe yẹ kó mọ, kí a máa da omi sí i lára, pàápàá ní ọrùn àti abíyá, kí a máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i láìdúró. Kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu níwọ̀n ìgbà tí kò mọ ibi tó wà, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe àgbo, kó má baà há a lọ́fun. Kí a má dúró wò ó sílé. Kí a gbé e máa bọ̀, kí a sì máa da omi náà lọ́nà.

Bàbá Ẹ̀bùn dìde dúró. Ó ní, “Omi tútù, lára ẹni tí ara rẹ̀ ń jó bí iná? Ìyàwó, ṣé o fẹ́ ká sin ìyá ọkọ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Mo ti sọ tèmi níwájú gbogbo wọn, èmi ni tíṣà, èmi sì ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí. Bí mo bá ní kí wọ́n bò ó, wọ́n á bò ó.

Nígbà náà ni mo rántí bàbá kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ka ohun tí mo bá kọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú èyí, wọ́n bá a nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí. A gbé e wọlé. A bò ó. Ìbora kan kò tó, a fi èkejì kún un. Abẹ́ rẹ̀ ló kú sí kí ọjọ́ tó rọ̀. A ní ibà ni. Àwọn kan ní kì í ṣe ojú lásán. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń lọ, ọwọ́ náà sì gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jábọ́. Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu nígbà náà pé ẹni tó wà lábẹ́ ìbora méjì kò rin. Ó yà mí lẹ́nu, n kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbora ẹ̀gbọ́n mi, mo fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Gbígbẹ kan náà ni.

Mo ní, “Mo ti ṣìṣe. Ẹ ṣí i.”

Bàbá Ẹ̀bùn pe orúkọ mi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kì í ṣe Tíṣà. Mo tún un sọ. Mo ní mo ti ṣìṣe, mo ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, n kò sì ní ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo fa ìbora náà kúrò fúnra mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, nítorí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí. A gbé e síta, sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ibòji díẹ̀ wà. Ẹnìkan béèrè omi. Ẹlòmíì ní kẹ́ẹ̀gì kan ló kù, kò sì kún. Gbogbo wa dúró, à ń wo kẹ́ẹ̀gì náà. Ẹnìkan ní kí a lọ tọrọ lójúlé kẹta. Ẹlòmíì ní àwọn yẹn náà kò ní. Àgbàlagbà bíi mẹ́fà! A dúró lórí pákó, omi ń gbá òpó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, a ń wá omi!

Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá ní omi, èyí tó ṣe é mu ló ń sọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ọ̀nà ọkọ̀ ni. Ibùgbé ẹja ni. Láti ìgbà tí iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀, a kì í kà á mọ́ omi mọ́.

Ṣèyí ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó mú korobá tí wọ́n fi ń fọ ẹja, ó so okùn mọ́ ọn, ó jù ú sísàlẹ̀. Ó fà á sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dà á sára màmá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún jù ú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ gbogbo wa tó mọ iṣẹ́. A bọ́ aṣọ rẹ̀, a fi ìró kan ṣoṣo bò ó fún ọ̀wọ̀, a rin ìró náà gbingbin. A fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Mo mú ìdérí ìkòkò, mo fi ń fẹ́ ẹ. Wọ́n jí Orímisan, tó ti ń sùn láti ìgbà tó ti òkun dé. Kò bi wá ní ìbéèrè kan. Ó tẹ́ àwọ̀n tó rin sínú ọkọ̀, a gbé ìyá rẹ̀ lé e, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ tẹ̀lé wa? Bàbá Ẹ̀bùn ni! Ó gbé agbòòrùn rẹ̀ dání, ó ṣí i lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, kò sì gbé e sọ̀kalẹ̀ títí a fi dé. Inú ń bí i sí mi, kò wo ojú mi. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò rẹ̀.

Mo ń bu omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń dà á, Ṣèyí ń fẹ́ ẹ. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, atẹ́gùn tó ti kọ̀ wá sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta wá ń fẹ́ lára aṣọ tútù yẹn. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ìyàtọ̀. Ojú rẹ̀ ń yí. Mo ń ka iye igbá omi tí mo dà, nítorí ó dára kí ọwọ́ mi àti ọkàn mi rí nǹkan ṣe pọ̀. Nígbà tí mo kà á dé ibì kan, mo gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A ti ń rí òrùlé ilé ìwòsàn lókèèrè nígbà tó gbé ọwọ́ sókè, tó nu omi kúrò lójú ara rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo Ṣèyí, ó sì pe orúkọ rẹ̀, orúkọ Ṣèyí gan-an.

Ó ní, “Ṣèyí. Ta ló ń yí ẹja?”

Bàbá Ẹ̀bùn ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, agbòòrùn sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wa. Ó gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kò sí ibà níbẹ̀ rárá. Ó fa díríìpù sí i lọ́wọ́, ó tún ń rin aṣọ ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì ní ìkọ̀kọ̀ pé bí a bá ti fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìbora yẹn ńkọ́. Ó jẹ́ ọmọ tó ní ìwà. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti ṣí i. Ìyẹn náà ni kẹ́ ẹ máa rò.” N kò tún bi í mọ́.

Orímisan ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mọ ihò kékeré tí omi ti máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tó fi hàn pé omi ń lọ yí i ká, ó ń mú un tutù. Orímisan jókòó sórí àkàsọ̀ ilé ìwòsàn, ó di orí mú. Ó ní, “Bí ẹ́ńjìnnì mi bá dẹ́kun títú omi, mo máa ń pa á lójú ẹsẹ̀ ni. N kì í dúró rò ó. Ìyá mi dẹ́kun lílàágùn, a sì fi í sídìí iná.”

Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera? N kò rí i sọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó padà wálé. Ẹja jóná o! Gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn èédú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní ẹja òun tòótọ́ ti di èédú, ṣùgbọ́n òun náà ì bá ti dì í.

Láti ìgbà náà, àwọn nǹkan kan ti yí padà. Àwọn obìnrin ti fi ẹnu kò pé bí òòrùn bá ti gòkè, ẹlòmíì ni yóò gba iná, kò sì sí ẹ̀sín nínú rẹ̀. Àgbàlagbà kì í wà nídìí ààrò lọ́sàn-án lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ́. Orímisan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú páànù ẹ̀gbẹ́ ilé ẹja kúrò kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, Bàbá Ẹ̀bùn sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo páànù òkè. Ó ní òun kò ṣe é nítorí pé mo sọ ọ́, òun kàn fẹ́ràn imọ̀ ni. Èyí tó ṣe mí láàánú jù ni pé nígbà tí mo dá a lábàá pé kí a kọ́ ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin sí ibi tó súnmọ́ wọn, kí a sì fi pákó dí ọ̀nà rẹ̀, n kò ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún obìnrin kankan. Wọ́n kàn wò mí ni, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè mí láti ogójì ọdún.

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. N kò ní ibà kò sí. Ibà wà, ó sì ń pa ènìyàn, ilé ìwòsàn náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ tó gbé ìbora, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́, ẹ wo ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ooru ló wà, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ẹ ṣí i, ẹ rin ín, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí òógùn bá gbẹ kí ẹ tó gbà pé ooru ni. Ti ẹlòmíì kì í gbẹ. Omi tó bá wà nítòsí ni kí ẹ lò. Ẹ má dúró wo kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí mo kọ́, mo tún jẹ yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ń jáde lọ mu omi nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ? Mo ṣìṣe níbẹ̀ náà. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mu omi.

Ìṣe tuntun kan ti wà ní abúlé wa báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a sílẹ̀. Bí òòrùn bá kàntàrí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ké sí ojúlé tó tẹ̀lé tirẹ̀ pé, ṣé ẹ ti mu omi? Àwọn yẹn á dáhùn pé àwọn ti mu, àwọn náà á sì ké sí ojúlé tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpè náà ń tọ afárá lọ títí dé èbúté. Ojúlé tí kò bá dáhùn, ẹni tó ké sí i gbọ́dọ̀ dìde lọ wò ó. Kò gbọ́dọ̀ ní bóyá wọ́n ń sùn ni.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ìpè náà tó ń bọ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀bùn. Èmi ló kàn. Ife omi mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, n kò tíì fọwọ́ kàn án, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu ún kí n má baà purọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí, tí ẹ pè é ní orúkọ mìíràn? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Kí ẹ sì sọ èyí kún un: lọ́sàn-án ọjọ́ tí ooru bá mú gan-an, bí wọ́n bá ké sí yín tí ẹ kò dáhùn, ta ni yóò dìde?